Kíréètì Tí Kò Padà

Ọkùnrin náà dúró ní ẹnu fèrèsé ẹ̀yìn ilé ìwádìí, ó gbé kíréètì ẹyin lérí ara wọn mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ó sì fi àgbọ̀n tẹ èyí tó wà lókè pátápátá kó má baà yẹ̀. Òógùn ń ṣàn wọ ojú rẹ̀, kò sì rí ọwọ́ tí yóò fi nù ún. Ìyẹ́ adìẹ funfun kan lẹ̀ mọ́ irun rẹ̀. Ìyẹ́ yìí ni obìnrin inú fèrèsé kọ́kọ́ rí, kó tó wá rí ojú àti ẹ̀rín tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Gbígba ẹyin kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin yìí. Ara ẹni tó ń gbà á tẹ́lẹ̀ kò yá lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ní kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ lọ dúró níbẹ̀. Ìwádìí nípa kòkòrò àrùn ni tirẹ̀. Dókítà ni gbogbo ilé ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́ rí.

"Ẹ rọra o," ọkùnrin náà wí. "Ọmọ wà nínú gbogbo wọn."

"Mo mọ̀. Ìdí tá a fi ń rà wọ́n nìyẹn."

Ó gba àwọn kíréètì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sórí tábìlì. Nígbà tó gbójú sókè, ọkùnrin náà ṣì wà níbẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, kíréètì mi ńkọ́?"

"Kíréètì wo?"

"Èyí tí mo gbé wá lónìí, àti gbogbo èyí tí mo ti ń gbé wá láti ọdún tó kọjá. Ẹ ń gba ẹyin, ẹ ń gba kíréètì mọ́ ọn. Ṣé ẹ ń jẹ kíréètì ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Dókítà, ó gbé e mì. "Òfin ilé yìí ni. Ohun tó bá ti wọlé síbí, kì í jáde mọ́. Sísun la ń sun wọ́n."

Ọkùnrin náà wò ó láti orí dé ibi tí fèrèsé gbà á láyè. "Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ̀yin náà kì í jáde ni?"

"Èmi máa ń wẹ̀ kí n tó jáde."

"Ẹ kúkú bá mi wẹ kíréètì mi náà, kó lè jáde."

Ẹ̀rín tó gbé mì bọ́ síta pẹ̀lú ariwo. Láti ọjọ́ yẹn ni ọkùnrin náà ti ń pè é ní Kì-í-Jáde, tí àwọn ará ilé ìwádìí sì ń pe ọkùnrin náà ní Bàbá Kíréètì, bẹ́ẹ̀ kò tíì ní ìyàwó, áńbọ̀sìbọ́sí ọmọ.

Ara ẹni tó ń gba ẹyin yá láàárín ọjọ́ mélòó kan. Síbẹ̀, ní gbogbo ọjọ́ tí ẹyin bá dé, ọwọ́ Dókítà ṣáà máa ń dilẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti nífẹ̀ẹ́ rí, ẹ mọ bí ọwọ́ ṣe máa ń dilẹ̀ lójijì. Láti ẹnu fèrèsé ni wọ́n ti bọ́ sórí bẹ́ǹṣì abẹ́ igi tó wà lódìkejì títì, níbi tí wọ́n ti ń mu tíì. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o" lẹ́nu wọn.

"Kí ni ilé iṣẹ́ yín ń fi ẹyin mi ṣe gan-an?" ni ọkùnrin náà bi í lọ́jọ́ kan.

"Ọ̀fìnkìn kan wà tó ń pa ẹyẹ, tó sì lè ràn mọ́ èèyàn. Inú ẹyin tó ní ọmọ nínú ni kòkòrò tó ń fà á ti máa ń pọ̀, ká lè rí i yẹ̀ wò."

"Ṣé kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ni?"

"Ó ní, ṣùgbọ́n alárékérekè ni kòkòrò yẹn. Ohun tí abẹ́rẹ́ máa ń ṣe ni pé ó máa ń fi ọ̀tá han àwọn ọmọ ogun inú ara, kí wọ́n lè dá a mọ̀ bó bá dé. Eléyìí, bó o bá ti fi hàn wọ́n pé fìlà pupa ló máa ń dé, bó bá máa padà wá, á ti dé fìlà dúdú. Àwọn ọmọ ogun á wò ó, wọ́n á ní, 'Ẹ jẹ́ kó kọjá, àwa ò mọ eléyìí rí.'"

"Olè gidi ni."

"Ṣùgbọ́n bó ti wù kó pààrọ̀ fìlà tó, ọrùn kan náà ló ń gbé gbogbo fìlà yẹn. Kò lè pààrọ̀ ọrùn. Bó bá pààrọ̀ ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ á kú. Abẹ́rẹ́ tí á kọ́ ara láti fi fìlà sílẹ̀, kó gbá ọrùn mú, lèmi ń wá."

Ọkùnrin náà ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní òun mọ àrùn náà. Ó dé ilé wọn nígbà tóun wà lọ́mọdé. Àwọn èèyàn wọ aṣọ funfun wá, wọ́n pa gbogbo adìẹ bàbá òun, àti èyí tó ń ṣàìsàn àti èyí tí nǹkan kan ò ṣe, wọ́n sì rì wọ́n mọ́lẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. "Bàbá mi ò sin adìẹ mọ́ títí wọ́n fi kú. Màmá mi ló tún fi àgbébọ̀ mélòó kan bẹ̀rẹ̀. Títí di òní, bí wọ́n bá rí ẹni tó wọ aṣọ funfun, wọ́n á bú u."

Dókítà gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀, kò sì gbé e kúrò títí tíì wọn fi tutù. Ọjọ́ yẹn ni àwọn méjèèjì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹyin.

Wàhálà kan ṣoṣo ló wà, ṣùgbọ́n wàhálà náà tóbi. Ẹni tó bá wọ yàrá tí kòkòrò yẹn wà kò gbọ́dọ̀ dé ibi tí ẹyẹ bá wà, àfi bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí kò wọ yàrá náà. Dókítà sì ń wọ̀ ọ́ ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́. Nílé ọkùnrin náà, adìẹ wà níwájú, adìẹ wà lẹ́yìn, àwọn tó láyà nínú wọn a máa jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Ibi gbogbo láyé ni olólùfẹ́ rẹ̀ lè bá a dé, àfi ilé rẹ̀. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀, bó bá ti ọ̀dọ̀ Dókítà dé, ẹ̀gbẹ́ géètì ló ti ń wẹ̀, tó ń pààrọ̀ aṣọ, kó tó sún mọ́ adìẹ kankan.

Ìyá rẹ̀ kì í ṣe afọ́jú.

"Ìdọ̀tí wo ló wà lára ọmọbìnrin tí ò ń fẹ́ yẹn, tó fi jẹ́ pé o gbọ́dọ̀ wẹ̀ bó o bá ti ọ̀dọ̀ ẹ̀ dé?"

"Kò sí ìdọ̀tí lára ẹ̀, Màmá. Ooru ló mú mi."

"Ooru. Nínú òjò yìí."

Ibi tó yẹ kó ti sọ òótọ́ nìyẹn, kò sọ ọ́. Ó kàn ní dókítà ni ọmọbìnrin náà, iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó ráyè. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Kí ni ìyá rẹ̀ yóò wá ṣe bó bá gbọ́ pé ẹni tí ọmọ òun fẹ́ fẹ́, àárín ejò gan-an ló ti ń ṣiṣẹ́?

"Sọ fún wọn," Dókítà á ní.

"Màá sọ."

"Ìgbà wo?"

"Láìpẹ́."

Láìpẹ́ yẹn pẹ́ títí ó fi hu irùngbọ̀n. Ìyá ní kí ọmọ náà wá kí òun, kò wá. Ó tún ní kó wá, kò tún wá. Ó wá fúnra rẹ̀ túmọ̀ ọ̀rọ̀: ọmọ náà ti kàwé jù, òórùn adìẹ ń run ún nímú. "Òórùn adìẹ yìí náà ló rán ìwọ nílé ìwé," ló sọ fún ọmọ rẹ̀, ó sì wọ yàrá lọ.

Ṣùgbọ́n ọlọ́kàn rere ni ìyá yìí, bí ẹnu rẹ̀ tilẹ̀ mú. Nígbà tí inú rẹ̀ rọ̀, ó ní bí ọmọ náà ò bá lè wá, ẹsẹ̀ òun kò kúkú rọ. Ó wọ aṣọ tó dára jù lọ lára rẹ̀, ó sì lọ mú Ìyá Ẹgbẹ́, àgbébọ̀ kan tó sanra dáadáa, tó jẹ́ ìran àwọn adìẹ tó fi tún ilé dá sílẹ̀ lẹ́yìn àjálù ọjọ́sí. Kò sí adìẹ tó fẹ́ràn tó o. Ó gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, ó fi aṣọ bò ó, ó sì wọ ọkọ̀ lọ sílé Dókítà láìsọ fún ọmọ rẹ̀.

Dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, ọ̀sán ọjọ́ náà. Ó gbọ́ kíkàn, ó ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀rín tó rí lójú obìnrin àgbà náà ló fi mọ̀ ọ́n, torí ẹ̀rín ẹnu fèrèsé gan-an ni.

"Èmi ni ìyá ọkọ ẹ," obìnrin náà wí. "Nígbà tó ò wá, mo ní kí n wá."

"Màmá! Ẹ káàbọ̀, Màmá." Ó kúnlẹ̀. Ìyá fà á dìde, ó gbá a mọ́ra. Ibi tí wọ́n ti dì mọ́ra wọn báyìí ni aṣọ orí apẹ̀rẹ̀ ti mì, Ìyá Ẹgbẹ́ yọrí síta, ó sì ṣá Dókítà lápá aṣọ jẹ.

Dókítà já ara rẹ̀ gbà. Ó fò sẹ́yìn. "Ẹ gbé e jáde! Màmá, ẹ jáde, ẹ jáde!" Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti ti ilẹ̀kùn gbàgà.

Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti ń bẹ̀bẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé adìẹ yẹn padà sáàárín àwọn yòókù, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé!" Ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́? Ìyá ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Dókítà pe fóònù ọkùnrin náà títí, inú ilé adìẹ ló wà, kò gbọ́. Nígbà tí yóò fi gbé e, Ìyá Ẹgbẹ́ ti wà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Ó lé mi bí ẹni lé ewúrẹ́," ni ìyá ń wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Lójú gbogbo àdúgbò. Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn tán nílé yìí."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. "Màmá, èmi ni kẹ́ ẹ bú. Èmi ni mi ò sọ fún yín." Ó wá sọ gbogbo rẹ̀.

Ìyá jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Àrùn tó pa adìẹ bàbá ẹ?"

"Òun ni, Màmá. Ó ń wá bá a ṣe máa ṣẹ́gun ẹ̀ ni."

"Adìẹ mi sì ti fẹnu kan án."



Dókítà ní tirẹ̀ lè pa ẹnu mọ́, kò sẹ́ni tó rí i. Ó gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Obìnrin àgbà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni ọ̀gá yìí.

"O mọ̀ pé mo lè lé ẹ kúrò nínú iṣẹ́ yìí?"

"Mo mọ̀, Ọ̀gá."

"O sì wá sọ."

"Adìẹ wọn ni, Ọ̀gá. Wọ́n ti pàdánù wọn lẹ́ẹ̀kan rí."

Ọ̀gá ní kó má wọ yàrá náà mọ́, títí tí àwọn yóò fi mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí. Wọ́n ti ilé adìẹ náà pa: ẹyin kan kò gbọ́dọ̀ jáde níbẹ̀, àlejò kan kò sì gbọ́dọ̀ wọlé. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, nǹkan kan ò ṣe adìẹ kankan, ọkàn àwọn ará ilé sì ti fẹ́ máa balẹ̀. Ìgbà yẹn ni adìẹ bẹ̀rẹ̀ sí kú.

"Wọ́n ń kú," ni ọkùnrin náà wí lórí fóònù.

"Ìyá Ẹgbẹ́ ńkọ́?"

"Ó wà láàyè. Àwọn tó wà lápá ẹ̀yìn ni."

Dókítà ẹranko wá, ó gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn tó ń ṣàìsàn, ó gbé díẹ̀ nínú àwọn tó ti kú lọ, ó ní kí wọ́n máa retí òun. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Oorun dá lójú Dókítà. Bó bá jẹ́ òun lòun gbé ikú wọ ilé yẹn, báwo ni òun ṣe fẹ́ wo ojú ọkùnrin náà? Wọn yóò tún wọ aṣọ funfun dé, wọn yóò tún gbẹ́lẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé.

Ó kúrò nílé, ó lọ dúró sí ẹ̀yìn géètì wọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìyá rí i, ó yí ẹ̀yìn padà. Lọ́jọ́ kejì, ó jáde sí i.

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo wá dúró tì yín ni, Màmá."

"Kúkú wọlé. Kí ló tún kù tí ò ń sá fún?"

"Mi ò ní wọlé, Màmá. Ọ̀sẹ̀ kan ti pé tí mi ò wọ yàrá yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò tíì gba àlejò láyè níbí. Bó bá jẹ́ èmi ni mo gbé e wá, mi ò ní gbé òmíràn wá kún un. Bí kì í bá sì ṣe èmi, mi ò fẹ́ kó jẹ́ òní ni màá gbé e wá."

Ìyá wò ó títí. "Olóríkunkun ni ẹ́."

"Ẹ má bínú, Màmá."

Ìyá wọlé, ó gbé àga jáde, ó fẹ́ nà án sí i láti orí géètì. Dókítà mi orí. "Wọ́n ti ilé yín pa, Màmá. Nǹkan kan ò gbọ́dọ̀ jáde níbẹ̀."

"Àga náà?"

"Àga náà."

"Ọlọ́run ò!" Ìyá gbé àga sílẹ̀ níbẹ̀. Kò jókòó lé e. Ó dúró, Dókítà dúró, géètì wà láàárín wọn, wọ́n sì jọ ń wo ilé adìẹ. Nígbà tó yá, ìyá béèrè bóyá òótọ́ ni ọ̀rọ̀ fìlà àti ọrùn tí ọmọ òun ń sọ, Dókítà sì tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe wà níbẹ̀ ni ọkùnrin náà sáré jáde, ó na fóònù sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. Ohùn dókítà ẹranko jáde ketekete: "Kò sí ọ̀fìnkìn ẹyẹ lára wọn. Kò sí rárá. Mo tún un yẹ̀ wò. Oúnjẹ ló pa wọ́n. Omi ti wọ inú àpò kan, oúnjẹ inú ẹ̀ ti bu, ó ti di májèlé. Ẹ da ìyókù nù, kẹ́ ẹ fún wọn ní tuntun."

 Dókítà jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níta géètì, ó bú sẹ́kún bí ọmọdé, ẹkún ayọ̀ gidi ni. Ọkùnrin náà fi orí ti géètì, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú òun náà. Ìyá ló kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ sọ.

"Àpò apá ẹ̀yìn! Èmi ni mo rà á o! Wọ́n ní ó tutù lábẹ́, mo ní kò burú. Èmi tí mo ń wá ẹni tó pa wọ́n kiri, àṣé ọwọ́ èmi ni mo fi bù ú fún wọn!" Ó bojú wo Dókítà nísàlẹ̀. "Dìde, ọmọ mi. Ilẹ̀ tutù."

Ọmọ mi. Dókítà gbọ́ ọ, ó tún bẹ̀rẹ̀ ẹkún mìíràn.

"Màmá, ọjọ́ tí mo tilẹ̀kùn mọ́ yín..."

"Ó ti yé mi. Ẹni tó bá lè fi ìyá ọkọ síta nítorí adìẹ, kò ní ṣe ilé mi níbi." Ó nu ojú. "Ṣé iṣẹ́ yẹn kù?"

"Ó kù díẹ̀, Màmá."

"Lọ parí ẹ̀. Bá mi gbá a lọ́rùn mú. Géètì yìí ò ní lọ ibì kankan."

Dókítà padà sínú yàrá ìwádìí rẹ̀, ọ̀gá sì fà á létí pé kó máa béèrè ẹni tó ń kànlẹ̀kùn kó tó ṣí i. Òjò ọdún náà rọ̀, ó dá. Ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ bá fún un láyè, ìyá á gbé àga sí inú géètì, Dókítà á gbé tirẹ̀ wá láti ilé, wọ́n á sì jọ máa fi ọkùnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tó yá, àbájáde dé. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹranko tí wọ́n fún lábẹ́rẹ́ tuntun, wọ́n fi pàdé oríṣi kòkòrò náà tí fìlà rẹ̀ kò jọ èyí tí wọ́n fi kọ́ wọn. Àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ kò tilẹ̀ wo fìlà. Ọrùn ni wọ́n gbá mú. Kì í ṣe ní gbogbo ìgbà o, ọ̀nà sì ṣì jìn kó tó di ohun tí wọ́n ń gún fún èèyàn, ṣùgbọ́n ọ̀gá tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún nù ún. Apá tó kàn di iṣẹ́ àwọn mìíràn. Dókítà dá kọ́kọ́rọ́ yàrá náà padà, ó wẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà ìkẹyìn, ó sì dúró kí ọ̀sẹ̀ kan pé. Kò sí ọ̀sẹ̀ tó gùn tó yẹn rí.

Òwúrọ̀ ni ọkùnrin náà gbọ́ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ kan géètì. Dókítà ló dúró síta, ó gbé kíréètì tuntun lérí ara wọn mọ́ àyà, ó fi àgbọ̀n tẹ èyí tó wà lókè, òógùn ń ṣàn wọ ojú rẹ̀.

"Kíréètì ẹ rèé," ló wí. "Èyí tá a jẹ."

Ọkùnrin náà ṣí géètì gbayawu. Dókítà wo ìlà tí ìdí géètì ti fà sílẹ̀, ìlà tí kò kọjá rí láti ọjọ́ yìí wá, ó gbé ẹsẹ̀ kan sọdá rẹ̀, ó gbé èkejì. Ìyá ti ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú Ìyá Ẹgbẹ́ lápá. Kò kí i, kò bi í ní nǹkan kan. Ó dúró kó sọ kíréètì kalẹ̀, ó sì gbé adìẹ náà lé e lọ́wọ́. Ìyá Ẹgbẹ́ ṣá a lápá aṣọ jẹ. Dókítà kò fò. Ó gbé e mọ́ra, ó ń gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù kìkì lábẹ́ ìyẹ́.

"Kì-í-Jáde," ọkùnrin náà pè é. "Ṣé o mọ òfin ilé yìí? Ohun tó bá ti wọlé síbí, kì í jáde mọ́."

"Mo mọ̀ ọ́n," ló dá a lóhùn. "Ìdí tó fi pẹ́ kí n tó wọlé nìyẹn."

"Ṣé o gbà, àbí o ò gbà?"

"Mo gbà, olówó orí mi. Mo gbà."

Ìyá gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, ó lọ sídìí géètì, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pẹ̀lú ìyàwó ọmọ rẹ̀ nínú ilé.